Tábìlì Tí Ó Mọ Ibi Tí Ọmọ Ayò Wà

Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ìdí gààrí dé, tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri láti ka ìwé yìí kí ọbẹ̀ tó jinná. Mo kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń wí pé ti àwọn obìnrin ni ojú ìwé yìí, ṣùgbọ́n tí ẹ máa ń yọ́ ọ kà bí ilé bá ti dá. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí dá lórí ọmọ ayò kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọmọ ayò kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó ká ní àdúgbò wa ní Ìrẹsà-Adú, bí ẹ bá sì gbọ́ ọ tán, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ní kí n má ṣe dá a pa mọ́ra.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan àti bàbá télọ̀ kan wà ládùúgbò wa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ó wà lẹ́bàá mọ́sálásí. Wọ́n a máa pe ara wọn ní òpè, wọ́n a máa bú ara wọn dé ibi tí àlejò yóò fi rò pé ìjà ti dé, ṣùgbọ́n bí ayò bá parí, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ìfẹ́ yìí ni ó mú kí ọmọkùnrin alágbẹ̀dẹ fẹ́ ọmọbìnrin télọ̀ sọ́nà. A ti dá ọjọ́ yìgì, àwọn ìyá méjèèjì ti ra aṣọ ẹbí, télọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń rán an.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ayò wọn wọ̀ wọ́n lára, ni èmi bá pe ìrun Alaásàrì, nítorí pé èmi ni láàdáànì mọ́sálásí wa. Wọ́n fi ọpọ́n sílẹ̀ bí ó ti wà, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n wọlé kírun. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, alágbẹ̀dẹ ka odù rẹ̀, ó ní ọmọ 17 ni òun fi sílẹ̀, 16 ni ó sì wà níbẹ̀.

N ó ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ayò ta. Ilé 12 ni ó wà nínú ọpọ́n ayò, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin ni a sì ń fi sínú ilé kọ̀ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá kó ilé kan yóò máa pín in lọ́kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká, ibi tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ni ó ń sọ bóyá yóò jẹ tàbí kò ní jẹ. Nítorí náà, bí odù alágbẹ̀dẹ bá jẹ́ 17, yóò dé ilé tí ó ti ń ṣọ́ láti àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ 16, ilé kan ni yóò kù kí ó dé ibẹ̀, yóò sì jókòó lásán. Ẹ̀yin náà rí i pé ọmọ kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Wọ́n ka gbogbo ọmọ tí ó wà lórí ọpọ́n àti èyí tí wọ́n ti jẹ. Ó jẹ́ 47. Alágbẹ̀dẹ ní télọ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde ní mọ́sálásí, òun ni ó sì mú un. Télọ̀ ní alágbẹ̀dẹ rí i pé òun fẹ́ pàdánù, ni ó bá fi ọmọ kan pamọ́ kí ayò lè tú. Ọ̀rọ̀ ń gbóná, ahọ́n sì kò ní egungun. Kí a tó dá wọn lẹ́kun, ọ̀kan ti pe èkejì ní olè.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ní ìlú wa. Ẹni tí a bá pè ní òpè yóò rẹ́rìn-ín, ẹni tí a bá pè ní olè yóò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Télọ̀ ká aṣọ ẹbí kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ilé tí a ti ń pe òun ní olè. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ìyá méjèèjì jọ wá sí ilé mi lóru, wọ́n fi gèlè bojú. Ìyá ìyàwó ní, “Àáfà, ẹ̀yin ni ẹ pe ìrun tí wọ́n fi dìde nídìí ayò. Ẹ bá wa wá ọ̀nà.” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀, mo sì gbé ẹnu mi pa mọ́.

Mo pe àwọn bàbá náà, mo bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́. Olúkúlùkù ń béèrè ẹlẹ́rìí. Ta ni yóò jẹ́rìí? Gbogbo wa ni a wà lórí ìrun.

Ibi tí a dé nìyí nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ladoke Akintola. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó mi orí, ó ní, “Bàbá, ká ní ọpọ́n wọn jẹ́ irú èyí tí ó ń mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà ni, ẹjọ́ yìí ì bá ti parí ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.” Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé igi náà ní ojú ni?” Ó ní, “Igi kò ní ojú, Bàbá, ṣùgbọ́n a lè fún un ní etí.” Ó fa tẹlifóònù rẹ̀ yọ, ó sì ń fi hàn mí títí a fi pe Mọ̀ǹgàríbì. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ẹ mọ ayò kan tí a ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ó ní ilé 64 àti ọmọ 32, dúdú àti funfun, ó sì ní ọba, ayaba àti àwọn ọmọ ogun. Kì í ṣe ayò àjèjì sí àwọn Mùsùlùmí, nítorí láti Índíà ni ó ti dé ilẹ̀ Páṣíà, láti Páṣíà ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, kí àwọn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè bí ayò náà bá parí, láti ara orúkọ tí àwọn ará Páṣíà ń pe ọba ni ó ti wá. Àwọn àlùfáà ńlá kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lé e lórí láti ayébáyé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó fohùn ṣọ̀kan pé a kò gbọdọ̀ fi owó ta á.

Àwọn ọmọ wa náà ti di ọ̀ta nínú rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Tunde Onakoya. Ìkòròdú ni ó ti kọ́ ayò náà nígbà èwe rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ní 2018 ni ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ tí òṣì mú kúrò nílé ìwé. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó jókòó ní gbangba Times Square ní New York, ó ta ayò yìí fún wákàtí 60. Ní 2025, òun àti Shawn Martinez tún ta á fún wákàtí 64, àwọn Guinness sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé eré àwọn ọ̀lẹ ni a ń sọ.

Ní ìlú Enschede ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ilé iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní DGT. Wọ́n ṣe ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì kan tí ó jẹ́ pé bí o bá gbé ọmọ kan kúrò láti ilé kan sí òmíràn, ọpọ́n náà mọ̀, ó sì ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí o tó gbé ọwọ́ rẹ kúrò. Ẹni tí ó wà ní Ìrẹsà lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó máa wo ayò tí àwọn ọ̀gá ń ta ní òkè òkun, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Báwo ni igi ṣe ń mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé. Bí ẹ bá fi ìlù méjì kọ́ sí ara ògiri nínú ilé onílù, bí a bá lu òmíràn níwájú wọn ní ohùn kan, èyí tí ohùn tirẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni yóò máa kùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èkejì yóò dákẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Nínú ìdí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká roboto sí, pẹ̀lú ohun kékeré kan tí ó ń gba iná mànàmáná dúró fún ìgbà díẹ̀. Méjèèjì pọ̀ di ohùn kan, kì í ṣe ohùn tí etí ń gbọ́, ohùn iná mànàmáná ni. Ohùn ọba funfun yàtọ̀ sí ti ọba dúdú, ti ayaba yàtọ̀ sí ti ọmọ ogun. Lábẹ́ ọpọ́n, wọ́n ta wáyà ní ìbú àti ní òró bí ẹni fi okùn híhun ṣe àwọ̀n. Ọpọ́n náà yóò pe ohùn kan sínú ilé kan, yóò dákẹ́, yóò tẹ́tí sílẹ̀ bóyá nǹkan ń kùn níbẹ̀. Bí ó ti ń ṣe lọ nìyẹn láti ilé dé ilé, kíákíá ju bí ojú ti ń ṣẹ́ lọ.

Bí ayò bá parí, àwọn méjèèjì yóò gbé ọba wọn sí àárín ọpọ́n. Bí àwọn ọba náà bá wà lórí ilé funfun méjì, funfun ni ó jẹ. Bí wọ́n bá wà lórí ilé dúdú méjì, dúdú ni ó jẹ. Bí ọ̀kan bá wà lórí funfun tí èkejì wà lórí dúdú, ọ̀mì ni. Ọpọ́n náà gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí èmi ni mo jẹ, ìwọ kọ́.

Mo bi ọmọ náà pé, “Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ayò tiwa?” Ó ronú, ó ní ọ̀nà yẹn nìkan kò ní tó. Ọmọ ogun funfun mẹ́jọ ni ó wà nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ní. Ọpọ́n mọ̀ pé ọmọ ogun funfun wà níhìn-ín, ṣùgbọ́n kò mọ èwo nínú mẹ́jọ náà ni. Kò burú, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń wà nínú ilé kan. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò tiwa lè tó 17 nínú ilé kan, bí gbogbo wọn bá sì ń kùn pọ̀ ní ohùn kan, ta ni yóò kà wọ́n?

Ó ní ọ̀nà kejì wà. A ó fi ohun kékeré kan tí kò tó èékánná ọwọ́ sínú ọmọ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Kò ní bátìrì nínú. Tábìlì ni ó ń fún un ní agbára láti òkèèrè díẹ̀, agbára náà a jí i, òun a sì dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ó dà bí olùkọ́ tí ó ń pe orúkọ ní kíláàsì ní àárọ̀: olúkúlùkù ń dáhùn ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tí kò bá dáhùn, kò wá. RFID ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ Mind Sports ti fi ṣe ọpọ́n Scrabble, ayò tí a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀. Ilé 225 ni ó wà lórí ọpọ́n yẹn, ọpọ́n náà sì ń wo gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan. Inú Scrabble yìí náà ni ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, ti di ọ̀ta àgbáyé ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà kẹta ni ti kámẹ́rà. Ní Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, Sergi Jordà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pompeu Fabra ṣe tábìlì kan tí wọ́n ń pè ní Reactable. Ojú tábìlì náà ń tàn, kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ya àmì oríṣiríṣi sí ìdí àwọn ohun kékeré tí a ń gbé sórí rẹ̀, bí o bá sì gbé wọn síhìn-ín tàbí tí o yí wọn, kámẹ́rà a rí i, orin a yí padà. Ọgbọ́n wà nínú pé ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà ń gbé. Bí a bá gbé e sókè, apá àti ọwọ́ ẹni tí ń ta yóò máa bo ayò mọ́ ọn lójú. Àwọn ọmọ ayò tiwa a sì máa gun orí ara wọn nínú ilé, àwọn ti òkè a bo àwọn ti ìsàlẹ̀.

Nítorí ìdíwọ́ ọwọ́ àti ìmọ́lẹ̀ yìí ni James Patten, Hiroshi Ishii àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT ní Amẹ́ríkà ṣe gbé tábìlì kan jáde ní 2001, tí wọ́n sọ ní Sensetable. Wáyà ni ó ń lò bíi ti ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe kámẹ́rà, nítorí náà bí ilẹ̀ ṣú, bí ọwọ́ bò ó, ó ṣì mọ ibi tí ohun kékeré náà wà àti ibi tí ó kọjú sí. Kò ní ilé alámì bí ọpọ́n. Ibikíbi lójú tábìlì ni. Wọ́n fi ń kọ́ bí àwọn èròjà inú kẹ́mísírì ti ń so pọ̀, àti bí ọ̀nà iṣẹ́ okòwò ti ń lọ. Lọ́dún kejì, àwọn kan níbẹ̀ tún fi òòfà oníná sábẹ́ tábìlì, débi pé tábìlì fúnra rẹ̀ lè ti ohun náà láti ibi kan dé òmíràn. Nígbà tí ọmọ náà sọ èyí, mo ní, “Ó tó. Má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ gbọ́. Yóò ní òòfà ni télọ̀ fi mú ọmọ ayò òun.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo ń rò ó pé, ká ní ọpọ́n àwọn bàbá yìí mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, kí ni ì bá sọ fún wa?

Ì bá sọ pé ní àkókò báyìí, ọmọ kan kúrò nínú odù alágbẹ̀dẹ. Ẹ sì wò ó: bí àkókò náà bá jẹ́ ìgbà tí gbogbo wa wà lórí ìrun, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ́. Gbogbo ìjọ ni yóò jẹ́rìí pé wọ́n wà ní sàfù. Àǹfààní ńlá nìyẹn, n kò ní fi pamọ́. Tábìlì ì bá ti gba ẹni méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ burúkú.

Ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ẹni tí ó mú un. Ó mọ ibi tí nǹkan wà, kò mọ ọwọ́ tí ó gbé e, áńbọ̀sì ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ni ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà lẹ́yìn èyí: ta ni ó ni tábìlì? Bí ó bá jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ni ó rà á, tí àkọsílẹ̀ sì wà nínú tẹlifóònù tirẹ̀, ṣé télọ̀ yóò gbà á gbọ́?

Kì í ṣe ìbéèrè asán ni mo ń bi yín. Àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ káàdì lórí tẹlifíṣọ̀n a máa lo tábìlì tí ó ń mọ káàdì tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, kí àwọn òǹwòran lè rí i. Ẹ mọ èrò mi nípa tẹ́tẹ́, n kò ní tún un sọ. Ní oṣù Kẹwàá 2025, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní New York fẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ ènìyàn pé wọ́n fi tábìlì tí ó ní ìtànṣán X-ray, tí ó ń ka káàdì tí a dojú rẹ̀ dé, gba owó àwọn aláìmọ̀kan. Wọ́n ní kámẹ́rà tún wà ní ìkọ̀kọ̀ nínú àwo tí a ń kó owó tẹ́tẹ́ sí. Ẹ rí i báyìí. Ọgbọ́n tí a fi ń mú òtítọ́ jáde ní gbangba ni wọ́n sọ pé àwọn kan fi jalè ní ìkọ̀kọ̀. Tábìlì tí ó bá ń sọ fún gbogbo ènìyàn ohun tí ó rí, ẹlẹ́rìí ni. Èyí tí ó bá ń sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, amí ni.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí a kọ ọgbọ́n tuntun. Mo ní kí a máa béèrè ẹni tí ó ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ ó máa béèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa já sí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyàwó alágbẹ̀dẹ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó gbọn ṣòkòtò ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ó tó rì í sínú omi. Ìdérí ìgò kan bọ́ sílẹ̀, èèpo ẹ̀pà bọ́ sílẹ̀, ọmọ ayò kan sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìyá náà jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀. Kò pe ọmọ náà láti nà án. Ó kàn bi í pé níbo ni ó ti rí i, ọmọ náà sì nàka sí abẹ́ igi máńgòrò, ó ní, “Ó pọ̀ níbẹ̀.”

Ìyá yìí fi ọmọ ayò náà so mọ́ etí gèlè rẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi. Àwa méjèèjì, pẹ̀lú ìyá ìyàwó, ni a jọ lọ bá àwọn bàbá náà lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó tú etí gèlè, ó gbé e sí àárín wọn, kò sọ̀rọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó ní, “Ilé mi ni ó wà. Ilé mi ni olè wà.” Télọ̀ ní, “Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe olè. Èmi náà sọ ohun tí kò yẹ.” Ẹkún ni ó tẹ̀ lé e, ẹkún àwọn àgbàlagbà, tí kì í pẹ́ ṣùgbọ́n tí ó máa ń wọni lára. Ìgbéyàwó ti wáyé. Aṣọ ẹbí kò tètè parí nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ fi dúró, ọ̀pọ̀ wa ni ó sì wọ bùbá láìní bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọmọ 48 ti pé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo nǹkan ti padà bí ó ti wà. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni. Bí ó bá bọ́, kò ṣe é kó. Nígbà mìíràn, bí télọ̀ bá ń jẹ ayò lọ́wọ́, mo máa ń rí i tí alágbẹ̀dẹ yóò fẹ́ sọ̀rọ̀ àwàdà kan, tí yóò sì gbé e mì. Kí á tó fi ọ̀rọ̀ pe ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá nǹkan náà dé abẹ́ ẹní, dé inú àpò ṣòkòtò ọmọdé. Èyí kan ọmọ ayò, ó kan owó ọbẹ̀ tí ó sọnù lórí àga, ó kan yẹtí tí a rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó mú.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ àwọn bàbá náà kí ó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọ̀gá tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní ìdíje ńlá a máa fi ọwọ́ ara wọn kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, olúkúlùkù lórí ìwé tirẹ̀, kódà bí ọpọ́n oníná bá wà níwájú wọn. Bí àríyànjiyàn bá dé, a ó to ayò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gbé e bí ìwé ti wí títí a ó fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó ní kí wọ́n fún àwọn ilé inú ọpọ́n ní nọ́ńbà láti 1 dé 12, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá kó ilé kan kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá tilẹ̀ da ọpọ́n nù, ìwé yóò tún un tò.

Báyìí ni ó rí títí di òní. Ọmọbìnrin kékeré kan, àbúrò ìyàwó, ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Ó máa ń jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ pe Alaásàrì, mo máa ń yọjú wò wọ́n. Ọmọ náà á ka ilé kọ̀ọ̀kan sókè, àwọn bàbá á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, á kọ ọ́, wọ́n á sì dìde. Mo gbọ́ pé ó ti ń jẹ àwọn méjèèjì lórí ayò bí wọ́n bá gbà fún un. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń lé àwọn ọmọbìnrin kúrò nídìí ayò pé kí wọ́n lọ gbálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀ tán, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n padà wá kà á. Ìṣirò ni, ìrántí ni, sùúrù sì ni.

Bí tábìlì tí ó mọ ibi tí ọmọ ayò wà bá dé Ìrẹsà lọ́jọ́ kan, a ó kí i káàbọ̀. Títí di ìgbà náà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá tí ó ní lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ tó wa lẹ́rìí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ kí ará ilé fún mi o.